Ẹ Bi Wá, A Ó Dá Yín Lóhùn: Owó Sub Ń Lọ, Fíìmù Ò Dúró

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Aránṣọ ni mí ní Takie níbí, l'Ógbòmọ̀ṣọ́. Ọmọ mi tó wà n'Ílọrin ló bá mi so káàdì báńkì mi mọ́ àápù fíìmù kan lọ́dún tó kọjá, ó ní kí èmi àtàwọn ọmọ iṣẹ́ mi máa rí nǹkan wò tá a bá ń ránṣọ ọdún mọ́jú, mo sì gbádùn ẹ̀ lóòótọ́, àfi bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fowó lé owó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, owó tí mo fẹ́ fi ra gum stay àti síìpù fún aṣọ ẹbí kan ló wà nínú àkáǹtì, bí alert ṣe wọlé lóru nìyẹn, wọ́n ti yọ owó oṣù. Mo ní kò burú, ẹ jẹ́ n kúkú wò ó. Fíìmù Yorùbá tí mo ti wò dé ìdajì, mi ò rí i mọ́. Mo ṣí òmíì, wọ́n ní èèyàn ti pọ̀ jù lórí ẹ̀, ọmọ mi ló ń wò ó lọ́hùn-ún. Ẹ gbà mí, kí ni kí n ṣe? (Ìyá Ìbejì)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ara ta. Ó ká mi lára torí ó ti ṣe èmi náà rí, oṣù márùn-ún gbáko ni wọ́n fi ń yọ owó mi lórí àápù tí mi ò ṣí, mo ti rò pé bí mo ṣe pa á rẹ́ lórí fóònù ó ti parí nìyẹn. Kò parí o! Pípa àápù rẹ́ yàtọ̀ sí dídá sub, ìyẹn owó oṣooṣù tí wọ́n ń yọ, dúró. Inú àkáǹtì yín níbẹ̀ gan-an lẹ ó wọ̀, kẹ́ ẹ tẹ cancel, tó bá sì jẹ́ Google Play lẹ gbà sanwó, inú Play Store lẹ ti máa dá a dúró. Ẹ ṣe é lónìí, ẹ má dúró dìgbà tí oṣù bá pé. Tí wọ́n bá tún yọ owó lẹ́yìn ẹ̀, ẹ mú alert yẹn lọ sí báńkì kí wọ́n ti káàdì náà pa, FCCPC tí ìjọba gbé kalẹ̀ fún àwa oníbàárà náà ń gba irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ti fíìmù tó pòórá, wọn kì í tà á fún wa, wọ́n ń yá wa wò ni, ọ̀pọ̀ ẹ̀ làwọn náà yá lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, tí àdéhùn bá ti pé wọ́n á yọ ọ́ kúrò. Kódà èyí tẹ́ ẹ download sínú àápù wọn, ó lọ́jọ́ tó máa kú. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fara mọ́ kéèyàn máa san án láti January dé December. Aníkúlápó tí Kunle Afolayan ṣe, ìtàn Ọ̀yọ́ àtijọ́ ni, Igbojaye ní ìpínlẹ̀ wa níbí ni wọ́n ti yà á, Netflix ló sì gbé e jáde ní 2022. Irú fíìmù bẹ́ẹ̀ lẹ lè torí ẹ̀ san oṣù kan, ẹ wò ó tán, ẹ dá a dúró. Kí káàdì tẹ́ ẹ fi ń san án sì yàtọ̀ sí ti owó ṣọ́ọ̀bù, iye sub nìkan ni kó máa wà níbẹ̀. Ọmọ yín tó wà n'Ílọrin, ẹ jẹ́ kó san tiẹ̀.

Àwọn oṣù yòókù, ẹ máa wo YouTube. Ọ̀pọ̀ àwọn òṣèré Yorùbá wa ló ń gbé fíìmù wọn síbẹ̀ fúnra wọn, lọ́fẹ̀ẹ́, ìpolówó tó ń já wọ àárín ẹ̀ ló ń mówó wọlé fún wọn, torí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù fún un. Dátà lẹ ó ṣọ́. Netflix fúnra wọn sọ pé wákàtí kan lórí HD lè jẹ tó 3GB, àwòrán tí ò mọ́ tó yẹn ò ju bí 1GB lọ, bẹ́ẹ̀ ní January 2025 ni NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó iléeṣẹ́ fóònù, fọwọ́ sí i pé káwọn oníléeṣẹ́ fóònù fowó kún tiwọn tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá jẹ́ YouTube, 360p, ìyẹn àwòrán tí ò mọ́ jù, ti tó lórí fóònù, ẹ fi dátà òru gbé e sílẹ̀, kílẹ̀ tó mọ́ ó ti wà níbẹ̀ fẹ́yin àtàwọn ọmọ iṣẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Under-G ni mò ń gbé, akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ni mí. Ṣé mi ò kúkú lè máa gba fíìmù lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Telegram? (Olúwatóbi)

ÌDÁHÙN: Rárá, àbúrò mi. Ẹni tó jẹ gbèsè kó tó ya fíìmù yẹn kì í rí kọ́bọ̀ níbẹ̀, mo sì fẹ́ kí wọ́n rówó ṣe òmíì. Àwọn àápù tí wọ́n ní kó o gbà sórí fóònù kó o tó lè wò ó tún lè jí password báńkì ẹ. Ẹ̀yin mẹ́rin tẹ́ ẹ jọ wà nínú yàrá, ẹ dáwó oṣù kan, kẹ́ ẹ jókòó síwájú laptop kan ṣoṣo wò ó.