Bí Koha bá jẹ́ ọ̀fẹ́, kí la ó wá náwó lé?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé-ìkàwé pólì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá wa ní kí n kọ ojú ìwé méjì fún àwọn aláṣẹ lórí bóyá ká fi sọ́fítíwià tá à ń sanwó rẹ̀ lọ́dọọdún sílẹ̀, ká bọ́ sórí Koha, sọ́fítíwià open source fún ilé-ìkàwé. Akápò wa ní ohun ọ̀fẹ́ kì í dáa. Ẹlòmíì ní ìlú Munich ní Jámánì ti dán irú ẹ̀ wò rí, wọ́n sì padà sẹ́yìn. Kí ni àwọn olùwádìí rí gan-an?

Ìdáhùn: Ẹ ṣé tí ẹ béèrè kí ẹ tó kọ ọ́. Ẹ bá mi sọ fún akápò pé "ọ̀fẹ́" kọ́ ni ìtumọ̀ open source. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kóòdù sọ́fítíwià náà ṣí sílẹ̀: ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ lè tún un ṣe, ẹ sì lè gba ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n láti máa bá yín tọ́jú rẹ̀.

Ilé-ìkàwé ló bí Koha fúnra rẹ̀. Ní 1999, àwọn ilé-ìkàwé Horowhenua ní New Zealand rí i pé sọ́fítíwià tí wọ́n ń lò kò ní mọ ọdún 2000 kà. Wọ́n gbé iṣẹ́ fún Katipo, ilé-iṣẹ́ kékeré kan níbẹ̀. Nígbà tó fi di oṣù kìíní ọdún 2000, tuntun ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì tú kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún aráyé. Ẹ̀bùn ni koha ń jẹ́ lédè Māori. Ọ̀pọ̀ fásitì wa ní Nàìjíríà ló ti ń fi í yá ìwé fún akẹ́kọ̀ọ́ báyìí.

Ó ku ìwádìí. Èyí tí mo máa ń kọ́kọ́ fún èèyàn kà ni ti Kris Ven àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Belgium, tó jáde ní 2008. Àjọ 10 tó ń lo open source ni wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, ohun tí àjọ kan kà sí èrè ni òmíràn kà sí àdánù. Owó ńkọ́? Àwọn kan ní àwọn rí owó fi pamọ́. Àwọn kan ní owó kíkọ́ òṣìṣẹ́ àti owó ìṣípòpadà ti jẹ ẹ́ tán. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní ìwádìí ti fi hàn pé ó dín owó kù, ẹ bi í pé: nílé ta ni?

Ọ̀rọ̀ Munich gùn díẹ̀. Ní 2003 ni ìgbìmọ̀ ìlú náà dìbò pé káwọn kúrò lórí Windows bọ́ sórí Linux, sọ́fítíwià open source tí kọ̀ǹpútà lè fi ṣiṣẹ́ dípò Windows. Steve Ballmer, ọ̀gá Microsoft nígbà náà, fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bẹ Christian Ude tó jẹ́ olórí ìlú. Ude ò gbà. Ó di 2013 kí iṣẹ́ náà tó parí, lórí kọ̀ǹpútà tó lé ní 14,000. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ní àwọn oníkọ̀ǹpútà tirẹ̀, ló ní fọ́ọ̀mù àti lẹ́tà tó ti ṣe sínú Word láti ọjọ́ pípẹ́, títí wọ́n fi kọ sọ́fítíwià ọ̀tọ̀, WollMux, nítorí àwọn fọ́ọ̀mù àti lẹ́tà yẹn. Ní 2017, lábẹ́ olórí ìlú mìíràn, wọ́n dìbò láti padà sí Windows. Àmọ́ àyẹ̀wò tí ìlú náà gbé fún Accenture, ilé-iṣẹ́ olùdámọ̀ràn kan, kí wọ́n tó dìbò, bí wọ́n ṣe to iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ìlú ló dá lẹ́bi ju Linux lọ. Ẹni tó sọ̀rọ̀ Munich fún yín kò ní sọ ìyẹn.

Ẹ fi wé Gendarmerie, ọlọ́pàá ilẹ̀ Faransé. Wọn ò kọ́kọ́ fọwọ́ kan Windows. Ní 2005, OpenOffice, tí wọ́n fi ń kọ̀wé dípò Word, wọlé. Ní 2006, Firefox tí wọ́n fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì, àti Thunderbird tí wọ́n fi ń ka ímeèlì. Ó di 2008 kí Ubuntu, ẹ̀yà Linux kan, tó dé. Nígbà yẹn, ohun tí òṣìṣẹ́ ń tẹ̀ lójoojúmọ́ ti mọ́ ọn lára, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ nìkan ló yí padà. Wọ́n ṣì wà lórí rẹ̀.

Èmi náà ti rí tiwa. Ilé-ìwé kan tí mi ò ní dárúkọ pè mí pé Koha àwọn ti kú. Kò kú. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló gbé e kalẹ̀, ó ti ríṣẹ́ sí Canada, password sì bá a lọ. Server ọ̀hún, kọ̀ǹpútà tí Koha ń gbé, wà lábẹ́ tábìlì, iná ń ṣẹ́jú lára rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè wọlé sí i. Àwọn òṣìṣẹ́ ti padà sórí rẹ́jísítà. Èyí tó dùn mí jù ni àwọn ìwé Yorùbá: nígbà tí wọ́n kó àkọsílẹ̀ kúrò nínú sọ́fítíwià àtijọ́, wọn ò yí i sí UTF-8, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà oríṣiríṣi èdè, gbogbo ẹ, ọ àti ṣ di àmì ìbéèrè. Bí ẹ bá wá "ọ̀rọ̀", kò ní jáde, "?r?" ló wà níbẹ̀.

Nínú ojú ìwé méjì yín, ẹ má lò ju ìlà mẹ́ta lọ lórí owó láísẹ́ǹsì. Ẹ kọ orúkọ ẹni méjì, kì í ṣe ẹnì kan, tí yóò kọ́ Koha àti Linux tó wà lábẹ́ rẹ̀. Password kan gbọ́dọ̀ wà nínú àpòòwé ní ọ́fíìsì ọ̀gá yín. Inverter, àti ibi tí ẹ̀dà àkọsílẹ̀ yóò máa sùn lálaalẹ́, owó nìyẹn náà. Kí ẹ tó pinnu ohunkóhun, ẹ yọ àkọsílẹ̀ ìwé 500 jáde gẹ́gẹ́ bíi MARC 21, ìlànà tí ilé-ìkàwé fi ń to àkọsílẹ̀ ìwé sórí kọ̀ǹpútà, kí ti Yorùbá wà nínú rẹ̀, ẹ kó o sínú Koha lórí kọ̀ǹpútà kan tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀, ẹ wo àmì ohùn. Bó bá yege, ẹ lo Koha àti sọ́fítíwià àtijọ́ papọ̀ fún sẹmẹ́sítà kan.

Ẹ sì kọ lẹ́tà lọ́sẹ̀ yìí sí àwọn tó ń ta ti ìsinsìnyí fún yín: bá a bá fẹ́ kó gbogbo àkọsílẹ̀ wa jáde, ọ̀nà wo la ó gbà, èló ni? Ìdáhùn wọn, tàbí àìdáhùn wọn, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ojú ìwé kejì fún akápò.