Kí ni ìtumọ̀ àmì àgbélébùú mẹ́ta tí a máa ń ṣe kí a tó gbọ́ Ìhìnrere?

Ìbéèrè: Nínú Mísà, bí Fadá bá fẹ́ ka Ìhìnrere, gbogbo ìjọ a dìde, wọn a sì fi àtàǹpàkò ṣe àmì àgbélébùú kékeré sí iwájú orí, ètè àti àyà. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?

Ìdáhùn: Àdúrà ni, bí a kò tilẹ̀ fi ẹnu sọ ọ́. À ń tọrọ pé kí ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbọ́ yé wa, kí ẹnu wa lè jẹ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì fìdí kalẹ̀ lọ́kàn wa. Ẹ ó rí i pé àlùfáà tàbí díákónì tí yóò kà á máa ń kọ́kọ́ ṣe àmì náà sórí ìwé kí ó tó ṣe é sí ara rẹ̀, nítorí pé inú ìwé náà ni ohun tí a ń tọrọ ti ń bọ̀. Bí ó bá kà á tán, ó máa ń fi ẹnu ko ìwé náà, ó sì máa ń gbàdúrà jẹ́ẹ́jẹ́ pé kí ọ̀rọ̀ Ìhìnrere pa ẹ̀ṣẹ̀ wa rẹ́.

Ó máa ń dùn mí bí mo bá gbọ́ pé àwọn Àgùdà kò ka Bíbélì sí. Ìgbàgbọ́ wa ni pé Kristi fúnra rẹ̀ ni ó ń bá wa sọ̀rọ̀ nígbà tí a bá ń ka Ìwé Mímọ́ nínú ìjọ. Ìdí nìyí tí Àpérò Vatican Kejì, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù Ìjọ Àgùdà, fi kọ ọ́ ní ọdún 1965 pé Ìjọ ti ń bọlá fún Ìwé Mímọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń bọlá fún Ara Olúwa. Láti inú Àpérò yìí kan náà ni ètò kíkà ti ọdún 1969 ti jáde, èyí tí ó pín kíkà ọjọ́ Àìkú sí ọdún 3: Mátíù, Máàkù àti Lúùkù ní ọdún kọ̀ọ̀kan, tí Jòhánù sì gba púpọ̀ nínú ìgbà Àjíǹde.

Nílé náà, ọ̀rọ̀ Bíbélì wà lẹ́nu wa ju bí a ti fura lọ. Ìkíni Gébúrẹ́lì àti ti Èlísábẹ́tì nínú Lúùkù orí 1 ni ìdajì àkọ́kọ́ àdúrà “Mo kí ọ Màríà”, ẹni tí ó bá sì gba ìpín 5 nínú Rósárì ti sọ ọ́ ní ìgbà 50.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kánjú ṣe àmì mẹ́ta yẹn. Bí ẹ bá lè ka Ìhìnrere ọjọ́ Àìkú nílé ní alẹ́ Sátidé, ẹ ó ti mọ ọ̀rọ̀ tí ẹ ń tọrọ ààyè fún nígbà tí àtàǹpàkò yín bá kan ètè.