Rédíò Bàbá Rẹ Kò Bàjẹ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Rédíò ṣọ́ọ̀tì-wéèfù tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni mo ń gbọ́ l'Ókè-Àdó. Lọ́dún 2020, tí mo bá yí i sí mìtà 13 lọ́sàn-án, ariwo ṣááá lásán ni. Láti 2023 ni àwọn òkèèrè ti ń wọlé ketekete. Síbẹ̀, tó bá di oṣù kẹfà sí ìkeje, ohùn wọn á rẹlẹ̀. Tó bá di oṣù kẹwàá, á tún padà. Lóṣù kẹta àti ìkẹwàá náà ni ohùn máa ń gbọ̀n láago mẹ́jọ alẹ́, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níwájú fáànù. Ẹni tó ń tún un ṣe ti gbowó lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì, ó ní òjò ló ń wọ̀ ọ́. Ẹ gbà mí o. (Ọmọ Òkè-Àdó)

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, má san ẹ̀ẹ̀kẹta. Ó dùn mí pé wọ́n ń gbowó lórí ohun tí oòrùn ń ṣe.

Òkè ni ohùn òkèèrè ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ. Á lọ bá ionosphere, ìpele afẹ́fẹ́ òkè réré, ní nǹkan bíi kìlómítà 250 sí 400 lókè, á sì ta padà sílẹ̀. Ìtànṣán oòrùn tí ojú wa kò rí ló ń já ẹ̀lẹ́kítírọ́nù, èérún tín-ín-tín tó ń dá ìgbì rédíò padà, kúrò lára afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Tí wọn ò bá pọ̀ tó, ìgbì mìtà 13 á gba àárín wọn kọjá lọ ni, kò ní padà wá.

Ìtànṣán oòrùn yìí náà sì ní ìgbà ọ̀pọ̀ àti ìgbà ọ̀wọ́n, láàárín bí ọdún 11 síra wọn. Oṣù Kejìlá 2019 ló wálẹ̀ jù, ìdí nìyẹn tí 2020 rẹ fi gbẹ. Ní Oṣù Kẹwàá 2024, NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, kéde pé ó ti dé góńgó.

Ti oṣù sí oṣù wá ńkọ́? Òjò kò mọ̀ ọ́n. Ìkùukùu òjò kì í sábà ga tó kìlómítà 20. Lókè lọ́hùn-ún, átọ́ọ̀mù ọ́síjìn ló ń bí ẹ̀lẹ́kítírọ́nù, nàìtírójìn ló ń jẹ́ kí wọ́n tètè kú. Ní ìgbà tí oòrùn bá wà gbọnrangandan lórí agbedeméjì ayé, ní oṣù kẹta àti oṣù kẹsàn-án, ọ́síjìn máa ń borí, ẹ̀lẹ́kítírọ́nù á pọ̀; ní oṣù kẹfà sí ìkeje, wọ́n á dínkù, ohùn á sì rẹlẹ̀. Nínú oṣù keje, ilé ayé tilẹ̀ jìnnà sí oòrùn jù: mílíọ̀nù kìlómítà 152, nígbà tó jẹ́ 147 ní oṣù kìíní.

Ohùn tó ń gbọ̀n yẹn, mo ti fojú rí i. Nígbà tí mo wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, olùkọ́ mi gbé fíìmù àtijọ́ kan sí ojú iná fún mi. Ẹ̀rọ tó ń wọn ionosphere n'Ìbàdàn ló yà á ní 1957 sí 1958, nígbà tí àmì dúdú ojú oòrùn, tó ń fi ìgbà ọ̀pọ̀ rẹ̀ hàn, pọ̀ ju bí wọ́n ti kà á rí lọ. Ti ọ̀sán jẹ́ ìlà tín-ínrín tó tẹ̀ sókè, tó wá pín sí méjì bí ẹnu àlùmọ́gàjí. Ti alẹ́ kan nínú oṣù kẹta rí pátápátá bí ṣọ́ọ̀kì tí ọmọdé fi àtẹ́lẹwọ́ nù. Mi ò gbàgbé rẹ̀ títí dòní.

Tí oòrùn bá wọ̀, ìsàlẹ̀ ionosphere á tètè ṣá, ihò ńláńlá á ru sókè nínú rẹ̀ bí ìfófòó, á tú ìgbì ká, ohùn á sì máa gbọ̀n. Agbedeméjì òòfà ayé gba àríwá Nàìjíríà kọjá, ìyẹn ló ṣe pọ̀ lọ́dọ̀ wa. GPS àwọn tó ń wọnlẹ̀ náà máa ń ṣìnà nírú alẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lálẹ́, sọ̀kalẹ̀ sí mìtà 31 tàbí 41, kó o ní sùúrù di ọ̀gànjọ́. Tí 2030 bá sì ń sún mọ́lé, mìtà 13 á tún dákẹ́. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú rédíò bàbá rẹ nígbà náà.