Ṣé ìwé Rachel Carson ló mú kí Amẹ́ríkà fòfin de DDT, oògùn apakòkòrò?

Ìwé náà lọ́wọ́ nínú ẹ̀ gan-an, àmọ́ òun nìkan kọ́. Ọdún 1962 ni Carson, onímọ̀ nípa ohun abẹ̀mí inú òkun, gbé Silent Spring jáde. Ọdún 1972 ni òfin náà tó dé, obìnrin náà sì ti kú láti 1964.

Ohun tó jẹ́ kí ìwé yẹn wọ aráyé lára ni pé kì í ṣe ariwo lásán. Ní Michigan, wọ́n fín DDT sí igi elm nítorí kòkòrò tó ń tan àrùn igi náà kálẹ̀. Igi wọ́wé, ekòló jẹ ewé, ẹyẹ robin ṣa ekòló jẹ, ni àwọn ẹyẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wọ́n ń kú. Oògùn yìí kì í tètè jẹrà. Inú ọ̀rá ara ló máa ń dúró sí, ìdí nìyẹn tó fi ń pọ̀ sí i lára ẹran tó bá jẹ ẹran mìíràn.

Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn apakòkòrò bú Carson dáadáa. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Ààrẹ Kennedy gbè é ní 1963. Ilé ẹjọ́ àti EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo àyíká, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1970, ló wá bá wọn parí ẹ̀.

Àwọn kan ní Carson sọ pé kí wọ́n má fín oògùn kankan mọ́. Irọ́ ni, àlòjù ló ń bá jà. Àdéhùn Stockholm ọdún 2001, tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe lórí kẹ́míkà olóró tí kì í tètè jẹrà, pàápàá ṣì fàyè gba DDT fún ẹ̀fọn tó ń tan ibà kálẹ̀.