Ẹ Bi Ìyá Lọ́ńdìrì: Ṣé Torí Ayé Ni, Àbí Torí Àpò?

Ìyá Lọ́ńdìrì, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Abẹ́òkúta ni mò ń gbé. Lóṣù tó kọjá, a lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ àbúrò mi l'Ékòó, àwọn ọmọ sì gba yàrá òtẹ́ẹ̀lì fún èmi àti ìyàwó mi fún ọjọ́ mẹ́ta. Orí bẹ́ẹ̀dì la ti bá káàdì kan tí wọ́n ya ewé sí. Ó ní ká bá wọn gba ayé là: táwẹ́ẹ̀lì tí a bá ṣì fẹ́ lò, ká fi kọ́, èyí tí a bá fẹ́ kí wọ́n gbé lọ, ká jù ú sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wú mi lórí, mo fi tèmi kọ́. Ìgbà tí a fi máa ti ibi ìnáwó dé, wọ́n ti gbé e lọ, wọ́n ti fi òmíràn síbẹ̀! Aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì ńkọ́? Wọn ò pààrọ̀ ẹ̀ títí a fi kúrò níbẹ̀. Wọ́n ní ètò ìtọ́jú àyíká ni. Ìyàwó mi ní jìbìtì ni, pé owó ọṣẹ ni wọ́n ń ṣọ́. Èmi ní ká má fi gbogbo èèyàn pe olè. Àwa méjèèjì, ta ló jàre?
Bàbá Tíṣà, Abẹ́òkúta

Bàbá, ẹ kú ìnáwó o. Ẹ̀yìn ìyàwó ò ní mọ ẹní.

Ìyá ló jàre. Àmọ́ ẹ má tíì sọ fún wọn, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ro tẹnu mi.

Ọdún 17 ni mo lò nínú lọ́ńdìrì òtẹ́ẹ̀lì kan n'Íbàdàn. Mi ò ní dárúkọ wọn. Yàrá 46, ẹ̀rọ ìfọṣọ ńlá méjì, ẹ̀rọ ìgbẹṣọ kan tó ń gbóná bí ààrò, èmi àti àwọn ọmọbìnrin márùn-ún. Bí mo bá gbé táwẹ́ẹ̀lì sọ́wọ́ báyìí, màá sọ oṣù tó ti lò lẹ́nu iṣẹ́ fún yín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ti táwẹ́ẹ̀lì yín, kò sí àràmàǹdà ńbẹ̀. Ọmọ tó wọ yàrá yín lọ́jọ́ náà, á ti ní yàrá bíi 14 láti tún ṣe kí aago méjì tó lù. Kò ráyè káàdì. Ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ ni pé bí supafáísọ̀ bá wọlé, tó bá táwẹ́ẹ̀lì tútù lára irin, á ní kò tún yàrá ṣe. Bí àlejò bá tún wá lọ fẹjọ́ sùn nísàlẹ̀, owó oṣù ẹ̀ ni wọ́n máa gé. Ó gbé e, ó bá tiẹ̀ lọ. Ẹni tó kọ káàdì ò bá ẹni tó ń gbé táwẹ́ẹ̀lì sọ nǹkan kan. Aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n rántí bá a sọ, torí òun ló wúwo jù nínú ẹ̀rọ, òun ló ń gba áyọ́ọ̀nù, òun ló ń jẹ owó.

Mo rántí ọ̀sẹ̀ tí káàdì dé ọ̀dọ̀ tiwa. Máníjà pè wá jọ, ó sọ̀rọ̀ yìnyín tó ń yọ́ lókè òkun, ó sọ̀rọ̀ ẹja, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Kí ìpàdé tó tú, akáúńtáǹtì tẹ̀ sí mi létí, ó ní: "Ìyá, ìfọ̀ mélòó ló máa dín lójúmọ́?" Mo ní bóyá mẹ́fà á di mẹ́rin. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ìbéèrè ẹ̀ yẹn gan-an ni ìpàdé. Orin ni ìyókù.

Ó sì dín lóòótọ́. Kò pé oṣù méjì tí mẹ́fà fi di mẹ́rin. Ọṣẹ ìfọṣọ dín, omi bóhóòlù dín, dísù tí jẹnẹrétọ̀ ń mu nítorí ẹ̀rọ ìgbẹṣọ dín. Táwẹ́ẹ̀lì gan-an ń pẹ́ sí i, torí ẹ̀rọ ló ń jẹ táwẹ́ẹ̀lì, ara àlejò kì í jẹ ẹ́. Ayé jèrè ńbẹ̀, mi ò ní purọ́. Àmọ́ méjì nínú àwọn ọmọ mi, àwọn tí wọ́n ń sanwó fún lójoojúmọ́, ni wọ́n ní kó má wá mọ́. Ọ̀kan wà nínú oyún oṣù márùn-ún. Àlejò tó fi táwẹ́ẹ̀lì ẹ̀ kọ́ lókè lọ́hùn-ún, ó rò pé ẹja lòun ń gbà là.

Ẹ̀yìnkùlé lọ̀rọ̀ wà jù. Páìpù lọ́ńdìrì wa gba abẹ́ ògiri ìdáná kọjá, gọ́tà gbangba ló ń tú omi sí. Lọ́jọ́ tí a bá fọ aṣọ funfun, jíìkì á pọ̀ nínú omi ọ̀hún, ìfófòó á ga dé orúnkún ọmọdé, á máa wọ́ lọ síbi tí àwọn obìnrin kan ń gbin tẹ̀tẹ̀ sí létí odò. Mo máa ń ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ wọn. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn fi ewé kan hàn mí: etí ẹ̀ funfun, ó gbẹ, bí ìgbà tí èèyàn fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná kàn án. Ó ní òun ò mọ ohun tó ń ṣe ẹ̀fọ́ òun. Èmi mọ̀. Mi ò lè lanu. Mo ra ti igba náírà, mo gbé e délé, mi ò sè é.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ bá máníjà pé ká gbẹ́ kòtò kan tí omi á ti máa silẹ̀ kó tó jáde. Ó ní kò sówó. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni birikìlà ń kọ́ odò kékeré alámọ́bùlù kan síwájú géètì, omi á máa tú sókè, iná aláwọ̀ ewé á máa tàn lábẹ́ ẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo ti ní òṣùwọ̀n tèmi. Ohun tí òtẹ́ẹ̀lì bá ṣe, tó ná wọn lówó, tí àlejò ò sì ní fojú rí láé, ìyẹn ni mo ń kà sí òtítọ́. Èyí tó ń mú owó wọlé, ìṣúnná owó ni mo ń pè é. Mi ò bínú sí ìṣúnná. Èmi náà ń pa iná yàrá tí mi ò bá sí ńbẹ̀. Ẹni tó ń ṣún owó ná, kó ṣáà sọ pé owó lòun ń ṣún ná, kó má sọ pé torí Ọlọ́run ni.

Ẹ má rò pé ìyàwó yín ló kọ́kọ́ fura, Bàbá. Táwẹ́ẹ̀lì ló bí orúkọ tí àwọn òyìnbó ń pe ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1983, akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Amẹ́ríkà, Jay Westerveld, yà sí òtẹ́ẹ̀lì etí òkun kan ní erékùṣù Fiji. Ó bá káàdì ńbẹ̀ tó ní kí àlejò tún táwẹ́ẹ̀lì lò, kí wọ́n lè dáàbò bo òkun àti iyùn inú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀, òtẹ́ẹ̀lì náà ń kọ́lé kún ilé lọ́wọ́ létí òkun kan náà. Ní 1986 ló wá kọ àròkọ kan tó fi pe irú ìwà bẹ́ẹ̀ ní greenwashing. Àwa ti ní tiwa látọjọ́ pípẹ́: ojú ayé.

Nílé wa ńbí, ẹ wo sólà. Ní oṣù kẹrin 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, àwọn tí wọ́n ní iná á máa tó wákàtí 20 lójúmọ́ fún, láti náírà 68 lọ sí náírà 225 fún yúnìtì kan. Kí ọdún tó parí, sólà ti ń hù lórí òrùlé àwọn òtẹ́ẹ̀lì bí olú. Bíìlì iná ló yí wọn lọ́kàn padà, kò sí wòlíì tó wàásù fún wọn. Kò burú náà. Ọmọ aládùúgbò tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ń mú wúkọ́ mọ́jú tẹ́lẹ̀, tó ti wá ń sùn báyìí, kò ní bi yín pé kí ló dé tí ẹ ra sólà. Lórí èyí, èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà.

Ibi tí mo ti ń jà ni ibi tí òṣìṣẹ́ ti ń san owó tí òtẹ́ẹ̀lì ń kó pa mọ́. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì kan, Starwood, dá ètò kan sílẹ̀, Make a Green Choice, ìyẹn ni pé kí àlejò yan aláwọ̀ ewé, ti àyíká: àlejò tó bá ní kí wọ́n má tún yàrá òun ṣe lọ́jọ́ kan, wọ́n á fún un ní fáúṣà dọ́là 5 tàbí póìntì. Marriott, ilé-iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì mìíràn, ra Starwood ní 2016, ètò náà bá wọn délé. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ Marriott tó wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ UNITE HERE wá daṣẹ́ sílẹ̀ ní ìlú mẹ́jọ lọ́dún 2018, ètò yìí wà lára ẹ̀dùn ọkàn àwọn tó ń tún yàrá ṣe. Wákàtí wọn ń dín, owó ń bá a dín, iṣẹ́ tó kù sì ń le sí i. Ẹni tí kò tún yàrá ṣe rí ni ò ní yé. Yàrá tí ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ọṣẹ á ti gbẹ mọ́ ilẹ̀ bálùwẹ̀, irun á ti dí ojú ihò omi, ọbẹ̀ tí ọmọ dà sórí kápẹ́ẹ̀tì á ti le bí ẹ̀kọ àná. Wọn ò sì fi ìṣẹ́jú kan kún àsìkò yẹn. Àbúrò mi obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní London sọ fún mi pé eékún òun ló máa ń kọ́kọ́ mọ yàrá tí wọ́n pè ní aláwọ̀ ewé.

Káàdì yẹn gan-an, wọ́n ti fi ṣèwádìí. Ní 2008, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Goldstein, Cialdini àti Griskevicius, gbé èsì kan jáde. Níbi tí káàdì ti sọ pé kí àlejò ṣe é nítorí àyíká, bí 35 nínú 100 ló tún táwẹ́ẹ̀lì lò. Níbi tó ti sọ pé àwọn àlejò tó pọ̀ jù ló ń ṣe é, ó di 44. Kì í ṣe ìyẹn ló wù mí jù, èyí tí wọ́n ṣe tẹ̀ lé e ni, tó jáde ní 2011. Òtẹ́ẹ̀lì tó sọ pé bí ẹ bá tún un lò, àwọn á fi owó ran ẹgbẹ́ àyíká lọ́wọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ rí èèyàn. Èyí tó ní àwọn ti fi owó náà ránṣẹ́ ná, kí àlejò wá bá àwọn ṣe tiwọn, òun ló rí wọn. Àwa tí a ń dá àjọ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀: olórí àjọ á kọ́kọ́ ju tiẹ̀ sílẹ̀.

Mo mọ ìyá kan tó ní ilé àlejò oníyàrá 12 lọ́nà Ìjẹ̀bú. Kò sí ewé lórí káàdì ẹ̀, kò tiẹ̀ sí káàdì. Garawa wà lábẹ́ éésì kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ilé, omi tó ń kán ńbẹ̀ ni wọ́n fi ń nulẹ̀. Omi lọ́ńdìrì ń gba kòtò méjì, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, òkúta àti iyanrìn ló kún inú wọn. Mo ṣí ìdérí wò fúnra mi. Bí àlejò bá dé, ìyá á ní: "Ẹ jọ̀ọ́, dísù ti wọ́n, bí táwẹ́ẹ̀lì ò bá tíì dọ̀tí, ẹ jẹ́ ká fi í di ọ̀la." Mi ò rí àlejò tó bá a jiyàn. Èmi ò mọ̀ bóyá ìyá yẹn gbọ́ nípa yìnyín tó ń yọ́ rí.

Bàbá, ẹ tún kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà yín pé àwọn ọmọ rí àmì ewé lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó sanwó. Àmì dára, bí ẹnìkan bá dé ẹ̀yìnkùlé kó tó lẹ̀ ẹ́. Booking.com pàápàá, ìkànnì tí wọ́n ti ń gba yàrá òtẹ́ẹ̀lì, ní àmì tiẹ̀ tẹ́lẹ̀, Travel Sustainable, ní 2024 ló mú un kúrò lẹ́yìn tí àjọ ACM tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Netherlands ní ó lè ṣi èèyàn lọ́nà. Ní Yúróòpù, láti 27 oṣù kẹsàn-án 2026, òfin wọn ò ní gbà kí oníṣòwò kan kàn máa pe ọjà ẹ̀ ní ọ̀rẹ́ àyíká láìní ẹ̀rí. Níbí, ẹ̀yin fúnra yín ni àjọ. Tí ẹ bá tún lọ, ẹ rọra rìn yí ẹ̀yìn ilé po bí ẹni ń gbatẹ́gùn. Ẹ wo ibi tí omi ń gbà jáde. Ẹ bi ọmọ tó ń tún yàrá yín ṣe pé yàrá mélòó ló ní lónìí, kí ẹ sì fún un ní nǹkan. Kí ẹ sọ fún ìyàwó yín pé mo kí wọn, pé mo ní àwọn ló jàre, àmọ́ kì í ṣe owó ọṣẹ nìkan, owó dísù ló pọ̀ jù.

Ìyá, ẹ dákun, ṣé olè ni ẹni tó bá kó ọṣẹ kékeré inú òtẹ́ẹ̀lì lọ sílé? Ọkọ mi ń fi mí ṣẹ̀sín.
Ìyá Ìbejì, Ìlọrin

Ẹ kó o, ẹ ti sanwó ẹ̀. Ọṣẹ tí ẹ bá ti tú, bí ẹ bá fi sílẹ̀, ààtàn ló ń lọ. Ìyẹn ló dun Derreck Kayongo, ọmọ ilẹ̀ Uganda tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, tó fi dá Global Soap Project sílẹ̀ ní Atlanta ní 2009: nígbà náà, wọ́n ń kó àlòkù ọṣẹ òtẹ́ẹ̀lì jọ, wọ́n ń pa kòkòrò inú ẹ̀, wọ́n ń sọ ọ́ di ọṣẹ tuntun fún àwọn tí ò rí rà.

Ìgò ṣampú kékeré ni ẹ tètè máa kó, torí ó ń lọ sópin. Marriott sọ ní 2019 pé bí àwọn bá yọ ọ́ kúrò, bí ìgò mílíọ̀nù 500 ò ní dé ààtàn mọ́ lọ́dún kan. California sì ti fi òfin dè é fún òtẹ́ẹ̀lì ńlá láti 2023. Ìgò ńlá ni wọ́n ń kàn mọ́ ògiri báyìí, ó dín ike kù, ó sì dín owó kù, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ gbóòórùn ẹ̀ kí ẹ tó fi kun orí. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń fi omi là á.

Ti ara ògiri yẹn, ẹ fi í sílẹ̀ ńbẹ̀ o. Nígbà ayé mi, àlejò kan mú sukurúdíráfà wá látilé.