Kí ni "activated" ń sọ nínú "activated carbon fiber"?

Ìbéèrè: Wọ́n kọ ọ́ sára asẹ́ afẹ́fẹ́ àti asẹ́ omi pé "activated carbon fiber, 1500 m²/g" ló wà nínú rẹ̀. Kí ni "activated" yẹn túmọ̀ sí? Ṣé kì í ṣe èédú náà ni? Ṣé nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bí agbára rẹ̀ ṣe tó?

Ìdáhùn: Káábọ́ọ̀nù ni bíi ti èédú, lóòótọ́. Ohun tí "activated" ń sọ ni pé wọ́n ti fi gáàsì gbígbóná jẹ ẹ́ nínú, títí ihò tín-ín-tìn-ín fi kún gbogbo ara rẹ̀.

Fọ́nrán (fiber) tí wọ́n fi rayon, PAN (ike polyacrylonitrile), phenolic (oríṣi ike kan) tàbí pitch (ọ̀dà dúdú) ṣe ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ PAN, wọ́n á kọ́kọ́ yan án nínú afẹ́fẹ́ ní 200 sí 300°C, kí ó má baà yọ́ mọ́ra nígbà tí iná bá pọ̀. Wọ́n á wá sun ún nínú náítírójìn, níbi tí ọ́síjìn kò sí, kí ohun tí kì í ṣe káábọ́ọ̀nù lè jáde. Lẹ́yìn ìyẹn ni activation gan-an: ooru omi (steam) tàbí carbon dioxide á gba orí rẹ̀ kọjá ní 800 sí 1000°C. Gáàsì náà á máa yọ átọ́ọ̀mù káábọ́ọ̀nù kúrò, wọn á jọ fò lọ bíi carbon monoxide, àyè tí átọ́ọ̀mù fi sílẹ̀ á sì di ihò. Ibí ni iṣẹ́ ti sábà ń bàjẹ́. Bí wọ́n bá tètè gbé e kúrò nínú ìléru, ihò kò ní tó. Bí ó bá pẹ́ jù, ògiri tó wà láàárín ihò méjì á wó, ihò kéékèèké á di ńlá, fọ́nrán á sì máa já. Bí iná bá sì pọ̀ jù, ẹ̀yìn fọ́nrán ni gáàsì á máa jẹ kí ó tó ráyè wọ inú.

Àjọ IUPAC, àjọ onímọ̀ kẹ́mísírì lágbàáyé, pín ihò sí mẹ́ta: micropore kò fẹ̀ tó 2 nm (nanomítà, ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà), mesopore wà láàárín 2 sí 50 nm, macropore ju 50 nm lọ. Nínú èédú oníhóró, mólékù ní láti gba macropore àti mesopore kọjá kí ó tó dé micropore. Ti fọ́nrán yàtọ̀. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, 10 sí 20 máíkírómítà péré, micropore ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀, tí ẹnu wọn ṣí sí ẹ̀yìn fọ́nrán tààrà. Ìdí tó fi ń yára ṣiṣẹ́ ju oníhóró lọ nìyẹn.

Ẹ má ṣe rò pé ó ń fa nǹkan mu bí aṣọ ṣe ń fa omi. Mólékù ń lẹ̀ mọ́ ògiri ihò ni. Ohun tí "adsorption" jẹ́ nìyẹn. Nínú ihò tó fún, ògiri ọ̀tún àti ti òsì ló jọ ń fa mólékù kan ṣoṣo, ìdí nìyí tí ihò fi ń kún nígbà tí gáàsì náà ṣì kéré jọjọ nínú afẹ́fẹ́. Èyí ló wuyì jù nínú ọ̀rọ̀ yìí: ìfúnpọ̀ ihò gan-an ni agbára rẹ̀.

Ní ti nọ́ńbà, mi ò ní gbà yín níyànjú láti fi òun nìkan rajà. Náítírójìn ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ní −196°C, wọ́n á wá fi ìṣirò kan tí wọ́n ń pè ní BET yí i padà sí m²/g, ìyẹn bí gbogbo ojú ògiri ihò tó wà nínú gíráàmù kan ṣe fẹ̀ tó. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ fi iná àti fákúùmù gbẹ fọ́nrán náà fún wákàtí mélòó kan. Bí omi bá ṣẹ́ kù nínú ihò, nọ́ńbà á kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Ní ibi tí ihò ti fún jù, náítírójìn kì í tètè wọlé nínú òtútù yẹn, nítorí náà carbon dioxide ní 0°C ni wọ́n ń lò fún un. Náítírójìn fẹ̀ tó 0.36 nm, mólékù benzene (kẹ́míkà kan tó ń fò lọ sínú afẹ́fẹ́) tó nǹkan bí 0.6 nm, ti methylene blue (àwọ̀ búlúù kan) sì gùn tó 1.4 nm. Fọ́nrán méjì lè jọ jẹ́ 1500, kí ọ̀kan mú benzene dáadáa, kó má sì lè mú àwọ̀ kúrò nínú omi rárá, nítorí mólékù àwọ̀ kò gba ẹnu ihò rẹ̀ wọlé. Bí ihò ṣe fẹ̀ sí ni kí ẹ béèrè.

Ọ̀rinrin náà ń dí i lọ́wọ́. Bí ti afẹ́fẹ́ bá ti kọjá nǹkan bí 50%, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú micropore, òórùn kẹ́míkà kò sì ní ráyè mọ́. Bí ibẹ̀ bá gbóná, ohun tó ti lẹ̀ mọ́ ọn á máa tú sílẹ̀. Carbon monoxide kì í sì í lẹ̀ mọ́ ọn tó láti dáàbò bo ẹnikẹ́ni, kí ẹnì kan má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé asẹ́ yìí nínú èéfín ẹ́ńjìnnì.

Bó bá kún, ooru omi tàbí náítírójìn gbígbóná lè fọ̀ ọ́ kó tún ṣiṣẹ́. Nítorí pé iná mànàmáná ń gba inú fọ́nrán kọjá, wọ́n tún lè fi iná ọ̀hún mú un gbóná láti inú ara rẹ̀. Àmọ́ mólékù tó tóbi tó sì wúwo kì í jáde tán, nítorí náà ohun tó lè gbà á máa dín kù díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n bá ṣe ń fọ̀ ọ́ sí i.