Ẹ má tíì fi orin Harry Cox bẹ̀rẹ̀ fún àbúrò yín

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ fẹ́ kí àbúrò yín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Leeds mọ orin ìbílẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, pé èyí tẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí i, oorun ló bá a sùn. Kò yà mí lẹ́nu o. Mo ti fún ìyàwó mi, àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ àtàwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa gbọ́, mo sì ti wá mọ ibi tí wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ fóònù.

Canadee-i-o ni mo máa ń kọ́kọ́ fún wọn, orin àkọ́kọ́ nínú àwo Penguin Eggs ti Nic Jones, 1980. Ọkùnrin kan àti gìtá kan, ó tán. Ọmọbìnrin kan ló múra bí atukọ̀ kó lè bá olólùfẹ́ ẹ̀ lọ sókè òkun, àwọn tó kù nínú ọkọ̀ wá mọ̀ pé obìnrin ni, inú bí wọn, wọ́n ní àwọn á dè é tọwọ́tẹsẹ̀ sọ sómi, ọ̀gá ọkọ̀ náà fara ya, ó ní ọmọbìnrin yẹn á dé Canadee-i-o dandan, nígbà tó yá ọ̀gá ọkọ̀ fúnra ẹ̀ ló gbé e níyàwó. Ẹ ní kó fetí sí ọwọ́ tó fi ń ta gìtá yẹn dáadáa, bó ṣe ń ta okùn ló ń gbá a, ìlù ti wà nínú ẹ̀ láìsí onílù, ẹ sì mọ àwa, tá ò bá gbọ́ ìlù ara wa kì í balẹ̀. Ó dùn mí pé jàǹbá ọkọ̀ 1982 gbé ọkùnrin náà kúrò lórí ìtàgé fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àwọn kan máa ní kẹ́ ẹ fi àwo Liege & Lief ti Fairport Convention bẹ̀rẹ̀, 1969, ẹgbẹ́ tó fi rọ́ọ̀kì kọ orin ìbílẹ̀. Wọn ò parọ́, àmọ́ àfi tó bá ti fẹ́ràn rọ́ọ̀kì tẹ́lẹ̀. Ẹ yọ Matty Groves nìkan fún un. Ìyàwó olówó pe ọmọkùnrin kan wá sùn ti òun, ọmọ ọ̀dọ̀ sáré lọ fẹjọ́ sùn, ọkọ ká wọn mọ́ orí bẹ́ẹ̀dì, ó di idà. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́jọ o, síbẹ̀ mi ò tíì rẹ́ni tó pa á kí ìjà yẹn tó parí. Tam Lin tó wà níbẹ̀, ará Scotland ló ni ín, ẹ fò ó, torí wọ́n sábà máa ń da ti Scotland àti ti Ireland mọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ò wá ní mọ èwo lèwo.

Tó bá ń kọrin ní kọ́yà, ẹ fún un ní àwo Frost and Fire ti The Watersons, 1965. Ará ìlú Hull ní England ni wọ́n, ọmọ ìyá mẹ́ta àti mọ̀lẹ́bí wọn kan, orin ọdún àti ti àsìkò ni wọ́n ń kọ, ẹnu lásán, kò sí dùùrù. Ohùn wọn le, kò dán bíi ti kọ́yà, wọ́n á pínyà, wọ́n á tún padà sórí ohùn kan. Ìyàwó mi tó ń kọ ohùn alto gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ló bá ní kí n dá a padà sẹ́yìn.

Harry Cox ńkọ́? Alágbàṣe oko ní Norfolk, ní England, ni, ọ̀gá sì ni, àmọ́ ẹni kú ni o, ẹni gbéyàwó ni o, ohùn kan náà ló fi ń kọ ọ́. Ẹni tó jẹ́ pé bí akọrin ṣe ń sunkún ló mọ̀ sórin á ní bàbá yìí ò mọ orin kọ, bẹ́ẹ̀ ṣe ló yẹra kí ìtàn lè kọjá. Ó dìgbà tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé ìtàn kó tó gbádùn ìyẹn. Kẹ́ ẹ tiẹ̀ tó débẹ̀, ẹ gba ọ̀dọ̀ Walter Pardon, kápẹ́ńtà, ará Norfolk náà, àwọn ọdún 1970 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn tiẹ̀ sílẹ̀, ó mọ́ létí. The Voice of the People tí ilé-iṣẹ́ àwo orin Topic gbé jáde ní 1998, síídì ogún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e ka ọmọ ọlọ́mọ láyà.

Tó bá bi yín pé kí ló kan òun nínú orin òyìnbó, ẹ fún un ní àwo The Sorrow Songs ti Angeline Morrison, 2022, ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti gbé ní Britain látijọ́ ló fi kọrin.

Ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan o. Ẹ má da líńkì mẹ́wàá sí WhatsApp ẹ̀. Ẹ fi Canadee-i-o ránṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ orin ẹ̀, kó fi íápíìsì gbọ́ ọ nínú bọ́ọ̀sì. Tí ò bá sọ nǹkan kan títí ọ̀sẹ̀ fi parí, ẹ fi Matty Groves lé e.